Oṣù mẹ́ta kò tó láti fi múra ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́ sọ̀rọ̀, àti àwọn ọ̀gá tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn.

Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì, ìbáà jẹ́ 60 ọdún ọjọ́ orí ló pé tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Oṣù kìíní wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, oṣù méjì tó kù wà fún títo ìwé àti fáìlì kí owó má baà há síbì kan. Kí ni wọ́n sábà máa ń kọ́ni nínú oṣù kan ọ̀hún? Bí a ṣe ń sin ẹja àrọ̀, bí a ṣe ń po ọṣẹ, bí a ṣe ń tọ́jú ìgbín, àti ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ni látòkèdélẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé: láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí lẹ ó máa ṣe, ta lẹ ó sì máa bá sọ̀rọ̀?

Owó oṣù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń fúnni. Iṣẹ́ ló ń jí èèyàn ní ìdájí, òun ló ń mú un gun àtẹ̀gùn, òun ló ń kó o pàdé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ọ̀gá. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dáwọ́ dúró. Fóònù tí kì í sinmi á dákẹ́, nítorí àga ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ á rò pé wọ́n kórìíra òun ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti wá kí wọn, títí ẹni tó gbapò rẹ̀ á fi máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọdún márùn-ún ló yẹ kí ìmúra yìí gbà, lífù, ìyẹn ìsinmi ọdọọdún, ni ó sì yẹ kí a fi dán an wò. Òṣìṣẹ́ ìpele 7 sókè ní 30 ọjọ́ lọ́dún. Ẹ gbà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má rìnrìn àjò, ẹ má gba ìpè ọ́fíìsì. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kí ẹ pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe àti ẹni tí ẹ jọ ṣe é síbẹ̀. Ẹ má gba ọ̀sẹ̀ kìíní gbọ́: àárẹ̀ ló ń sinmi, dídùn ni yóò máa dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni òótọ́ ń jáde, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, tí oorun ọ̀sán sì ti jí oorun òru lọ. Tí lífù bá parí, ẹ ṣírò ó. Ọjọ́ mélòó lẹ jáde nílé kí ọ̀sán tó pọ́n, tí ẹ sì ní ìdí kan? Ènìyàn mélòó lẹ bá sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ará ilé, tí kì í sì í ṣe ará ọ́fíìsì? Bí wọn kò bá pé mẹ́ta, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gbẹ́ kòtò ẹja. Ẹ tún un dán wò nínú lífù ọdún tó tẹ̀lé e.

Ẹgbẹ́ wà nílẹ̀: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹgbẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, àsálátù. Ẹ wọlé síbẹ̀ ní ọmọ ọdún 55 bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ipò ni wọ́n máa ń dì lé e lórí, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Kí ọdún kan tó pé, ó ti di akọ̀wé níbí, akápò lọ́hùn-ún, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé níbòmíràn. Ipò kan ṣoṣo ti tó fún ọdún àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ inú ilé ló le jù, òun ni a kì í sì í sọ. Bàbá tó ti ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ á ṣàdédé jókòó sí pálọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Á máa béèrè ìdí tí gáàsì fi tètè tán, á máa yẹ iye tí wọ́n ra ata wò, á sì máa retí oúnjẹ gbígbóná lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníbàárà, ó ní àkókò tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo ẹnikẹ́ni. Kó tó ku ọdún kan ni kí wọ́n ti jọ sọ ọ́: ta ni yóò máa se oúnjẹ ọ̀sán, igun wo nínú ilé ni tábìlì bàbá yóò wà, wákàtí wo ni oníkálukú yóò máa dá wà. Kí bàbá sì mọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ti àwọn ìyá tó lọ́mọ nílùú òyìnbó tún yàtọ̀. Ọmọ-ọmọ títọ́ dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: oṣù mélòó ni, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni ti ìyá fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti ti ilé Táíwò kúrò, ilé Kẹ́hìndé ló kàn, ẹgbẹ́ tó ní nílé á sì tú.

Ẹni tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, kó má fi Kérésì tàbí Iléyá dán an wò. Gbogbo ayé ló ń wálé nígbà yẹn. Kó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ lóṣù Keje, nígbà tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Kó ka iye ìṣẹ́jú tí mọ́tò fi ń dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru, kó wo àwọn tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì lè jókòó ta ayò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tètè súni.

Ní ti ara, ẹ má dúró dìgbà ìfẹ̀yìntì kí ẹ tó máa rìn: 30 ìṣẹ́jú kíkankíkan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ yẹ ojú wò pẹ̀lú, torí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma sábà máa ń ba ojú jẹ́ láìdunni.

Àwọn olùkọ́ tí òfin ọdún 2022 sún ìfẹ̀yìntì wọn sí 65 ọdún ọjọ́ orí tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má fi àfikún náà sùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olórí òṣìṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa: ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nígbà tó bá ku ọdún márùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọọdún. Ẹ pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méjì wá sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ àwọn tó ń ta ọjà fún wọn nìkan. Kí ẹ sì fi ìwé pe ìyàwó tàbí ọkọ òṣìṣẹ́ náà fún ọjọ́ kan nínú mẹ́ta.

Èmi ni olùkàwé yín,
Ìbàdàn.