Ẹni mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kò lè bo Gúúsù Áfíríkà mọ́lẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i ní Gúúsù Áfíríkà. Àkọlé yín ló mú mi gbé bírò, pé àwọn àjèjì ti bo orílẹ̀-èdè náà mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé Yeoville ní Johannesburg, tí mò ń ta fóònù, tí mo sì ń tún un ṣe, kí n tó bá ọkọ̀ òfurufú ọ̀fẹ́ ti Air Peace wálé ní September 2019. Ọ̀rọ̀ inú àkọlé yín yẹn gan-an ni àwọn tó ń kọlu àjèjì níbẹ̀ máa ń fi pariwo kí wọ́n tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Mi ò rò pé màá tún bá a pàdé nínú ìwé ìròyìn Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká ka iye wò. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2022, tí èsì rẹ̀ jáde ní October 2023, sọ pé wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 62. Ní 2011, mílíọ̀nù 51.8 ni wọ́n. Mílíọ̀nù mẹ́wàá àti díẹ̀ ló ti lé sí i. Àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo wọn lápapọ̀, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4, ìyẹn bí ẹni mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ká tiẹ̀ gbà pé gbogbo wọn pátá wọlé láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọn ò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin èrò tó lé sí i. Ilé ni wọ́n ti bí àwọn yòókù.

Nínú àwọn àjèjì ọ̀hún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó wá láti Zimbabwe. Mozambique ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Lesotho. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ti ń kó ọkùnrin wọlé láti Mozambique àti Lesotho, nítorí náà ta ló pe ta ni? Àwa ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ńkọ́? Ìwádìí ìjọba wọn ní 2016 rí bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n péré nínú wa. Pápá ìṣeré FNB tó wà lẹ́bàá Soweto ń gba èrò tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún lọ. A ò lè kún ìdajì rẹ̀.

Ẹnìkan á ní ọ̀pọ̀ ló ń sá fún akànìyàn. Òótọ́ ni, mo ti sá rí. Ní 2011, nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn, ìwé ìgbélùú ẹnì kan nínú àwa mẹ́rin tá a jọ ń gbé ti kọjá ọjọ́, la bá pa iná, a dákẹ́ rọ́rọ́, ọbẹ̀ ń jóná lórí sítóòfù. Ti 2022 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé bí ẹni 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn ò kà rárá, ìṣirò ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Àwọn onímọ̀ kan ní University of Cape Town ti ní kí wọ́n rọra lo èsì náà. Ó dáa, ẹ sọ iye àjèjì di ìlọ́po méjì. Mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Ìròyìn yín pín wọn sí dúdú àti funfun, ó sì tán síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an lẹ fò yẹn. Dúdú jẹ́ 81.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured jẹ́ 8.2, òyìnbó 7.3, àwọn ará Íńdíà àti Éṣíà 2.7. Àwọn ará Íńdíà yẹn kì í ṣe àlejò àná: láti 1860 ni wọ́n ti ń kó baba ńlá wọn wá sí Natal láti ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Ní ti Coloured, ẹ̀jẹ̀ àwọn Khoi tó jẹ́ onílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ti àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Éṣíà, àti ti òyìnbó ló pàdé lára wọn. Òfin tí ìjọba òyìnbó ṣe ní 1950 ló fi túláàsì kọ ẹ̀yà mọ́ orúkọ olúkúlùkù. Ẹni tí ìrísí rẹ̀ bá rú wọn lójú, wọ́n á ki pẹ́ńsùlù bọ irun rẹ̀: tó bá jábọ́, ó lè di òyìnbó, tó bá há síbẹ̀, ó tán. Coloured ni ìyá onílé wa. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun gba ìwé funfun, kò sì fojú ọ̀sán wá kí wọn mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n fagi lé òfin yẹn ní 1991. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ìjọba òyìnbó ọ̀hún ti sọ àwọn agbègbè dúdú bíi Transkei, Bophuthatswana, Venda àti Ciskei di orílẹ̀-èdè ayédèrú, wọ́n sì yọ àwọn ará ibẹ̀ kúrò nínú iye. Ìgbà tó di 1996 ni wọ́n tó ka gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, mílíọ̀nù 40.6. Kíka dúdú sí àjèjì lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa níbẹ̀.

Kí ló wá ń mú wọn pọ̀? Kì í ṣe ọmọ bíbí lọ títí. Ọmọ méjì àti díẹ̀ ni obìnrin ń bí níbẹ̀, tiwa sún mọ́ márùn-ún. Àwọn òyìnbó ń bí díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kó lọ sí Bírítéènì àti Ọsirélíà. Ní 1996 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ikú ló dínkù. Ní 2003 tí mo dé, kò sí Sátidé tí a kì í gbọ́ ìsìnkú, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń sin, éèdì ni. Láti 2004 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìyá tí à bá ti sin ń bẹ láyé, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn.

Èrò tí ojú sì ń rí ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ wọn wá láti ìpínlẹ̀ Limpopo àti Eastern Cape níbẹ̀ kan náà. Gauteng, níbi tí Johannesburg wà, ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án wọn, òun ló sì gba mílíọ̀nù 15.1. Northern Cape tó fẹ̀ jù lọ kò ní ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Bí December bá dé, Johannesburg á dá páropáro, oníkálukú á ti lọ sílé.

Àwòrán tí ẹ fi sábẹ́ àkọlé yẹn, ibùdó takisí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Park Station, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Johannesburg, ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wo pátákó tó wà lókè ìlà èrò náà: Polokwane, olú ìlú Limpopo, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, abúlé wọn ni wọ́n ń lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Òṣogbo