Ẹ fọ nọ́sù yẹn kẹ́ ẹ tó jù ú sínú mọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú,

Àwa tá a ń fi omi alágbára la páìpù ṣalángá ni mò ń bá wí. Nọ́sù tó ń yí yẹn, ìyẹn irin kékeré oníhò tá à ń so mọ́ ẹnu hóòsì, omi ló ń yí i, ihò ẹ̀ sì kéré gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tèmi ò yí mọ́, hóòsì kàn ń gbọ̀n ṣáá, mo rò pé páǹpù ló bàjẹ́, mo ti ń pe mẹkáníìkì kiri, àṣé òkúta kékeré bíi hóró ìrẹsì ló há sí ihò ẹ̀yìn, epo tí mo jó dànù!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kómi kọ́kọ́ ṣàn jáde lẹ́nu hóòsì kẹ́ ẹ tó so nọ́sù mọ́ ọn. Tíṣẹ́ bá parí, ẹ fomi tó mọ́ ṣàn án, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i wò, tó bá ń ha, yanrìn ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ìṣó gún ihò o, ó máa fẹ̀ ni, agbára omi á sì lọlẹ̀, wáyà tín-ín-rín ló yẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rọ́ gíríìsì sí gbogbo nọ́sù, omi tó ń gba inú àwọn kan kọjá gan-an ló ń mú wọn yọ̀, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín ná.

Èmi ni,
Ẹlẹ́gbin Ìbàdàn