Fúnkẹ́, ta ló ń jẹ nínú owó oṣù rẹ?

Lọ́ńdọ̀nù

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ òru, o sì kú ìfaradà òtútù Newcastle. Mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí (èyí tó ń sanwó fún ará ilé bí èèyàn bá kú) ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ní i. Ìwọ náà ń rò ó pé o ò tíì lọ́kọ, o ò tíì bímọ, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ikú àìtọ́jọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ náà síta, torí bí gbogbo wa ṣe ń sá fún un ló ń kó àwọn ará ilé sí wàhálà.

Ohun tí ẹni yẹn ò bi ọ́ ni pé: bí owó oṣù rẹ bá dáwọ́ dúró, ta ni ebi máa pa? Ẹni tó kú kọ́ ló ni ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀ ló ni ín. Bí kò bá sẹ́ni tó ń jẹ lára rẹ, tí kò sì sí gbèsè tó máa já lé ẹlòmíì lórí, má ra nǹkan kan. Àwọn òyìnbó tó ń tà á gbà pé ọkọ àti ọmọ nìkan ló ń jẹ lára èèyàn. Ìwọ sì rèé, oṣù kan kì í kọjá kí o má fi £200 ránṣẹ́ sí màmá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní tèmi o, o kì í ṣe ẹni tí kò sẹ́ni tó gbójú lé e.

Jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. £200 lóṣù jẹ́ £2,400 lọ́dún. Màmá ti pé ẹni ọdún 68; ká fi ogún ọdún sí i, owó náà di £48,000. Fi owó ìsìnkú kún un, àti ti gbígbé òkú wálé bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹbí máa fẹ́ nìyẹn. Iye tó o nílò nìyí. £200,000 tí wọ́n dárúkọ fún ọ kò bá ìṣirò kankan mu.

Kí o tó san kọ́bọ̀, wo ohun tó o ti ní. Níwọ̀n ìgbà tó o bá wà nínú pension NHS, ìyẹn ètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń san ìlọ́po méjì owó ọdún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó ọdún rẹ bá jẹ́ £38,000, £76,000 nìyẹn, ó sì ju ohun tí màmá nílò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí o má ì tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì lè ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ló ń jáde kúrò nínú pension kí owó tó ń wọlé lè pọ̀ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde ni ìlọ́po méjì yẹn lọ, wọn kì í sì í mọ̀. Bákan náà ni bó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ẹ́jẹ́ńsì, àwọn tó ń yá ilé ìwòsàn lóṣìṣẹ́: àwọn ẹ́jẹ́ńsì ló gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà yẹn, o ti bọ́ sóde pension NHS.

Ìkejì ni fọ́ọ̀mù. O gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó o fẹ́ kí wọ́n sanwó náà fún. Bó ò bá kọ ọ́, tó ò sì lọ́kọ, inú ogún rẹ ni owó náà máa bọ́ sí, ilé ẹjọ́ á sì kọ́kọ́ fún èèyàn ní àṣẹ láti pín in. Lábẹ́ òfin England, fún ẹni tó ti sọ ibẹ̀ di ilé, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí kò sì kọ ìwé ìhágún, bàbá àti ìyá ló máa pín ogún rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ìwọ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé yín ṣe rí. Bàbá wà nílé ìyàwó kejì láti ọjọ́ yìí, màmá nìkan ló sì ń jẹ lára rẹ. Ìdajì owó náà máa gba ibi tó ò fẹ́ lọ. Kọ orúkọ màmá gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú NIN àti ní báńkì rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé “Àbẹ̀kẹ́” ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n bí orúkọ ìwé kan bá yàtọ̀ sí èkejì, oṣù gbọọrọ ni wọ́n máa fi ṣe ìwé ìbúra kiri.

Gbèsè ńkọ́? Èyí tó wà lórúkọ ìwọ nìkan, bíi ti káàdì báńkì, inú ohun tó o bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ti máa gbà á. Bí kò bá tó, ẹni tó yá ọ lówó ló pàdánù, kò lè lọ bá màmá. Kí Táyọ̀ àbúrò rẹ náà mọ èyí, kó má lọ fi omijé san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwé oníduró tó o fọwọ́ sí nítorí ilé tí Táyọ̀ háyà ní Manchester. Tún un kà dáadáa, torí òmíràn nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé èèyàn wọnú ogún. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá sì ra ilé pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ẹni tó bá kù ló máa gbé gbogbo gbèsè báńkì náà, kì í ṣe ìdajì. Nígbà yẹn, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tí iye rẹ̀ ń dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù. Òun lowó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù.

Àìsàn ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ ju ikú lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé aláìsàn lójoojúmọ́ ni ọ́, ẹ̀yìn sì lè yẹ̀ nígbàkígbà. Ọdún kẹta rẹ nìyí ní NHS: oṣù mẹ́rin ni wọ́n máa san gbogbo owó rẹ bó o bá ń ṣàìsàn, wọ́n á san ìdajì fún oṣù mẹ́rin míì, ó tán. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló tó di oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bó o bá sì lọ sí ẹ́jẹ́ńsì, owó àìsàn ti ìjọba nìkan ló kù, ọ̀sẹ̀ 28 péré sì ni wọ́n fi ń san án. Ta ni yóò wá fi £200 ránṣẹ́ sí màmá, tí ìwọ fúnra rẹ ò rówó ilé san?

Nítorí náà, bí owó bá wà nílẹ̀, ìnṣọ́ránsì tó ń san apá kan owó oṣù fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ wá. “Income protection” ni wọ́n ń pè é. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí o tó bi wọ́n ní iye rẹ̀: ṣé bí mi ò bá lè ṣe iṣẹ́ tèmi gan-an lẹ máa sanwó, àbí ó di ìgbà tí mi ò bá lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ èyíkéyìí, wọ́n lè sọ pé bẹ́ẹ̀ni, o ò lè gbé aláìsàn mọ́, ṣùgbọ́n o lè jókòó gbé fóònù, wọn ò sì ní san nǹkan kan. Má gba ìyẹn. Ní kí owó wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 26, nígbà tí owó NHS ti di ìdajì. Bí o bá ṣe lè dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ni iye tó o máa san lóṣù ṣe máa kéré tó.

Òótọ́ kan wà nínú ohun tí ẹni yẹn ń sọ: bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ ló ń wọ́n, àìsàn sì lè ti ilẹ̀kùn. Tó bá di ọjọ́ tó o máa ra ti ẹ̀mí, ra èyí tó ní iye ọdún, má ra èyí tí wàá máa san títí dọjọ́ ikú. Ní kí wọ́n fi sí abẹ́ trust, ìyẹn ètò tí alábòójútó fi ń di owó mú fún ẹni tó o yàn, kí owó má bàa gba inú ogún kọjá, kí alábòójútó kan tó ń gbé níbí sì wà nínú rẹ̀. Sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé dókítà rẹ, kódà bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ga lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Bó o bá gbàgbé láìkíyèsára, wọ́n lè dín owó kù. Bó o bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san rárá. Tó o bá sì pààrọ̀ báńkì, rí i pé owó ìnṣọ́ránsì tẹ̀ lé ọ lọ sí tuntun. Ọ̀pọ̀ ló ti já báyẹn láìjẹ́ pé olówó mọ̀.

Ní báyìí, ya fọ́tò payslip rẹ tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi, kí n wò ó bóyá owó pension ṣì ń jáde níbẹ̀. Kó o sì bi àwọn HR bóyá wọ́n ní orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ fún ọ. Kí màmá fún mi, kó o sì sọ fún un pé mo ní kó má fo oògùn rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí