Ojú Ayọ̀

Ìdí-Àbà,
Abẹ́òkúta.

Ìyá Ayọ̀ mi ọ̀wọ́n,

O kú ojú lọ́nà èsì. Mo ti ka ìwé àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́ láti Kàdúná. Má jẹ́ kí aPTT yẹn, àyẹ̀wò tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, rú ọ lójú: nínú ìgò láàbù, ẹ̀jẹ̀ Ayọ̀ ń lọ́ra kó tó dì, àmọ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dídì ló ń dì. Bí antiphospholipid, àìsàn tí ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, torí àkóràn lè mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá fúngbà díẹ̀.

Ojú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣan ẹ̀yìn ojú tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré ti tó láti dí i. Bí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bá dí, ojú á ṣókùnkùn lójijì láìdunni. Bó bá jẹ́ èyí tó ń kó o lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣẹ́, ẹ̀yìn ojú á wú, ọmọ á máa ríran bí ẹni wà nínú èéfín. Ọmọdé kì í sì í sọ. Ojú kejì ló máa fi ṣeré rẹ̀ lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ bo ojú kan (tirẹ̀ kọ́ o, á yọjú láàárín ìka), kó ka kàlẹ́ńdà ara ògiri láti ibì kan náà, kí o tó bo ìkejì. Bí ojú bá ṣú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì tún là, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ojú á kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀. Ó ń tó bí ìṣẹ́jú 30 kó tó ṣiṣẹ́, ìwé kíkà á sì nira fún wákàtí mélòó kan. Bí wọ́n bá fa fluorescein, àwọ̀ kan tó ń tàn, sí i lápá láti ya fọ́tò iṣan, ìtọ̀ rẹ̀ á dà bí Fanta, má fòyà. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́, iṣan ẹlẹgẹ́ tuntun lè hù, kó bẹ́ sínú ojú. Léésà ni wọ́n fi ń dá a dúró. Ní kí wọ́n wo jẹ́nótáìpù rẹ̀ pẹ̀lú: SC, tóun náà jẹ́ irú àrùn sickle cell kan, máa ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ lọ́nà tó jọ èyí, wọ́n sì ń gbójú fò ó torí kì í dá ọmọ wó bíi SS.

Ní ti warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, INR (àyẹ̀wò tó ń wọn bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) 2 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ewédú kì í ṣe èèwọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ni kó má yí padà, torí fítámínì K inú rẹ̀ ń dín agbára oògùn kù. Ibuprofen, rárá. Àgbo náà, rárá. Mo mọ ohun tí Ìyá Àgbà máa sọ.

Bí ẹ bá wálé, kó má fò kiri lórí Olúmọ. Bó bá forí gbá òkúta, ilé ìwòsàn ni tààrà, kódà bí kò bá sunkún.

Kí Bàbá Ayọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Dámi