Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ni Ó Bomi Rin?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

A kú àṣẹ̀yìndè Bàbá wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ kòkó tà. Olúwa yóò tu gbogbo wa nínú. Ẹ̀kọ́ kẹta lórí ìdámẹ́wàá ni mo ti pèsè sílẹ̀ fún ìwé ìjọ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ti ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá àwọn kan nínú yín níbi tí ẹ ti ń jà lórí ọmọ kòkó tí Bàbá fi sílẹ̀, ni ẹsẹ Bíbélì kan ti ń dààmú ọkàn mi: “Èmi gbìn, Àpólò bomi rin, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní ń mú ìbísí wá” (1 Kọ́ríńtì 3:6). Mo ti wàásù lórí ẹsẹ yìí léraléra nínú ìjọ yìí, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. N kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọdé àárín wa kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a tó ní òrùlé páànù, abẹ́ àtíbàbà tí Bàbá fi imọ̀ ọ̀pẹ bò fún ọmọ kòkó ni a ti ń ṣe ìsìn. Ìdajì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ kòkó, ìdajì jẹ́ ti ọmọ ènìyàn. Nọ́sìrì ni gbogbo àdúgbò ń pe ibẹ̀, débi pé obìnrin àlejò kan mú ọmọ rẹ̀ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi í sí ilé-ìwé. Bàbá kò rẹ́rìn-ín ín. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n júwe ilé-ìwé tí ó ń wá, wọ́n sì fún ọmọ náà ní ọsàn kan. Ọ̀dọ̀ wa ni obìnrin náà ń jọ́sìn di òní olónìí. Bàbá kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọ rí. Ọmọ kòkó, ọmọ ọ̀pẹ àti ọmọ ọsàn ni wọ́n ń tà jẹun, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti ń pa àgọ́ pẹ̀lú Àkúílà àti Pìrìsílà ní Kọ́ríńtì kan náà tí ó kọ ìwé yìí sí. Ní ìlú wa Iléṣà yìí, ní Òkè-Ooye, ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930. Ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni ó ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928, ó sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nítorí ìpè. Bàbá wa kò fi agolo ìbomirin sílẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe ń pe ẹnìkan yàtọ̀ sí bí ó ṣe ń pe ẹlòmíràn, n kò sì rò pé ó yẹ kí á fi ọ̀kan bú èkejì.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé kóró kòkó kì í dúró de ènìyàn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀ tí a sì gbé e tì, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi kú, kò sì ní hù mọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni Bàbá máa ń rọ ilẹ̀dú sínú ọ̀rá dúdú, tí wọ́n á tẹ kóró kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nínú ọyẹ́, kí ó lè tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Bí ọjọ́ àtigbìn bá ku díẹ̀, wọ́n á máa ṣí imọ̀ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn má bàa jó ewé rẹ̀ nígbà tí ó bá dé oko gbangba. Ọmọ tí ó bá sì pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ á ká mọ́ ara rẹ̀, tàbí kí ó lu ọ̀rá jáde wọ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í dúró de ìpàdé ẹbí ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹsẹ wa. Ìjà ni ó bí i. Àwọn ará Kọ́ríńtì ti pín ara wọn: ẹnìkan ń wí pé, “Èmi ni ti Pọ́ọ̀lù,” òmíràn ń wí pé, “Èmi ni ti Àpólò.” Pọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ mú ìhìnrere dé ibẹ̀, ó sì lo ọdún kan àti oṣù mẹ́fà láàárín wọn. Àpólò dé lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Alẹkisáńdíríà tí ẹnu rẹ̀ dùn tí ó sì mọ Ìwé Mímọ́ gan-an. Kò sí ibi kankan nínú Bíbélì tí a ti kà pé àwọn méjèèjì bá ara wọn jà. Àwọn tí wọ́n jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó ń jà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì bẹ Àpólò pé kí ó padà lọ bẹ̀ wọ́n wò, orí kẹrìndínlógún ìwé náà sọ pé kò fẹ́ lọ rárá ní àkókò náà. Bíbélì kò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà ni mo ń rò ó pé ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun bá yọjú, igi ni òun yóò tún kó síná.

Ẹ tún wo bí àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ti ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. “Èmi gbìn”: ó ti parí. “Àpólò bomi rin”: òun náà ti parí. Ṣùgbọ́n “Ọlọ́run ní ń mú ìbísí wá”: ìyẹn kò tíì dáwọ́ dúró, ó ń mú un wá títí di ìsinsìnyí. Nínú èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́ náà, ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohun tí ó ti parí, ṣùgbọ́n èyí tí ó lò fún Ọlọ́run jẹ́ ti ohun tí ń bá a lọ. Ẹni tí ó gbìn lè sùn, ẹni tí ó bomi rin lè kọjá lọ sí ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n “ń” kékeré yẹn kò tí ì sùn rí.

Ẹsẹ keje ni ó le jù fún mi. “Ǹjẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó ń gbìn nǹkankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ń bomi rin.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á létí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹni tí ó gbìn? Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ohun tí mo rí nìyí: Pọ́ọ̀lù ni ó sọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Kò fún ẹnikẹ́ni ní Kọ́ríńtì láyè láti nàka sí òun pé òun kì í ṣe nǹkankan. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ni ní ẹnu ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Ní ẹnu ẹni tí ó jókòó, àfojúdi ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Bàbá ní ọ̀sẹ̀ yìí, pé kí ni wọ́n ṣe ná, pé ta ni kò lè rọ ilẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ó lọ bẹ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà kí ó rọ ilẹ̀ sínú ọ̀rá 1,111, èyí tí ó kún hẹ́kítà kan bí a bá fi àyè mítà mẹ́ta sí mẹ́ta sí i, kí ó wá wí fún mi bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí.

Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Owá, ọmọ ẹkùn. A máa ń fi oríkì wa yangàn pé, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tí àwọn kan mú láti ilé lọ sí oko ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe iná tí a fi ń sun iṣu. Láti 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ti kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ojú tí ènìyàn fi ń wo ọ̀rá dúdú wọ̀nyẹn ti yàtọ̀; bí owó náà tilẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú náà kò wálẹ̀. Ohun tí a ń pè ní eré arúgbó lánàá ti di ohun tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì kà lóru. Ẹni tí kò yà síbẹ̀ nígbà tí Bàbá wà láyé ti wá mọ iye ìlà tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ̀yin ni ẹ bomi rin, mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. N kò ní sọ ohun tí mo gbọ́. Ohun tí mo rí ni n ó sọ. Gbogbo wa mọ̀ pé òjò ti dá láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí Bàbá sùn nínú Olúwa, ìlà mẹ́jọ ni ó wà nílẹ̀; ẹni tí ó bá wọn níbẹ̀ sọ pé ìlà mẹ́ta tutù, márùn-ún gbẹ. Wọ́n ti bomi rin mẹ́ta kí wọ́n tó jókòó sórí àpótí ìdí ọ̀pẹ. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé ibẹ̀. Mo fi ìka tẹ ilẹ̀ inú ọ̀rá: mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti gbẹ, ewé sì ń ká. Àwọn tí wọ́n gbìn pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bomi rin pọ̀ ju ìyẹn lọ, ohùn gbogbo wọn sì ròkè dé títì. Omi ni kò sí. (Èmi àti ìyàwó mi pọn omi ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ẹ má ṣe yìn mí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ẹ̀yìn sì ń dùn mí di òní.)

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí n bá fi sílẹ̀ bí ó bá ṣeé fi sílẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ta aṣọ káàkiri ni a ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, wọn kì yóò sì dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ọmọ Iléṣà ni Bàbá, wọ́n sì ń tà láwìn bí òṣómàáló, ṣùgbọ́n wọn kò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí. Ìwé gbèsè wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kà á láti ojú ewé kìíní dé òpin. N kò ní ka orúkọ kankan sókè nínú ìjọ, láé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohùn tí ó ròkè jù ní ọ̀sẹ̀ yìí, orúkọ wọn wà níbẹ̀, a kò sì fa ìlà lé e. “Olúkúlùkù yóò sì gba èrè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀,” ni ẹsẹ kẹjọ wí. Kò sọ pé gẹ́gẹ́ bí ohùn rẹ̀.

Mo ti bá yín wí, ó sì tọ́ kí n bá ara mi náà wí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi láàárín yín, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ “ní ayé Bàbá.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ àdúrà wọn kúrò nínú ètò ìsìn, tí mo ní àkókò kò sí. Wọ́n mọ ohun tí mo ṣe. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ìkejì, wọ́n ti bàrò wá sí ilé mi fúnra wọn, ọmọ ọsàn ogún ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lẹ ojú ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí ìdí kíkan náà yọ ẹ̀ka tirẹ̀, nítorí pé bí ó bá yọ ọ́, yóò gba gbogbo ilé lọ́wọ́ èyí tó dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ẹsẹ yìí fún mi, wọ́n mu omi, wọ́n sì ti bàrò wọn lọ. Ọsàn tí ẹ̀yin ọmọ mi ń ká lẹ́yìn ilé olùṣọ́-àgùntàn nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá, àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ wọn nípa ti ẹ̀mí, mo fẹ́ràn yín, n kò sì kọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. “Ọgbà Ọlọ́run ni yín.” Ìbànújẹ́ máa ń wọ aṣọ ìbínú nígbà mìíràn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì láti wọlé níwájú èkejì, kí ó gba ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi ọsàn.

ÌKÉDE, ní ṣókí nítorí àyè. Àìsùn Bàbá yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìsìn ìsìnkú ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìjọ kò yan aṣọ kankan. Ẹ wọ èyí tí ẹ ní. Ẹgbẹ́ akọrin, ìdánrawò ní ọ̀la àti ní Ọjọ́rú. Àwọn ìyá ìjọ yóò ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn òní nípa oúnjẹ. Àga mẹ́fà tí ẹnìkan yá fún ìsọmọlórúkọ kò tíì padà. Ẹ̀kọ́ kẹta lórí ìdámẹ́wàá di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa bomi rin ọmọ kòkó Bàbá láàárọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ títí òjò yóò fi padà, láìka ti ẹni tí ó ni ín sí. Ẹni tí ó bá mú agolo ìbomirin Bàbá lọ, kí ó jọ̀wọ́ gbé e padà sí ìdí ọ̀pẹ níbi tí ó ti ń wà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọwọ́ ta ni ó ti wá.