Lẹ́tà sí Mórẹ́nikẹ́, tó ní iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba ti sú òun

Rẹ́ni mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní o fẹ́ fi ọ́fíìsì káńsù sílẹ̀, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń gba owó ńlá lọ́wọ́ báńkì, ìwọ ṣì ń ṣẹjọ́ ọkọ tí kò fún ìyàwó lówó oúnjẹ. Kó o tó kọ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀, fojú wo Jane Bolin, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà.

Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n bí i sí ní 1908. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ní Wellesley, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́kọ́ lọ, ẹni tó yẹ kó gbà á nímọ̀ràn ní kó má dá iṣẹ́ òfin láṣà. Ó gba Yunifásítì Yale lọ, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kàwé òfin jáde níbẹ̀, ní 1931. Ó du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1936, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Ọdún kejì ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìlú New York gbà á, wọ́n sì dà á sí kóòtù ẹbí. Irú ẹjọ́ tó sú ọ yìí gan-an ni!

Ní July 1939, olórí ìlú, La Guardia, ní kí Bolin àti ọkọ rẹ̀ wá bá òun níbi ìpàtẹ àgbáyé. Àyà rẹ̀ já, ó rò pé ẹnì kan ló fẹjọ́ òun sùn. (Òṣìṣẹ́ ìjọba wo ni kò mọ ẹ̀rù kúẹ́rì?) Àfi bí wọ́n ṣe ní kó na ọwọ́ sókè, kó búra. Bó ṣe di adájọ́ nìyẹn, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nílé níbí, 1943 ni Stella Thomas di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ májísíréètì ní Nàìjíríà.

Ipò àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ló wú mi lórí. Nígbà tó débẹ̀, àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa mójú tó ọmọ tí ẹjọ́ kàn. Ó fòpin sí i. Àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ aládàáni ń gba owó ìlú, síbẹ̀ wọ́n ń lé ọmọ dúdú. Ó rí i pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kì í wọ aṣọ adájọ́ bó bá jókòó, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ. Ta ni ì bá mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ti gba ẹjọ́ wọn rò?

Mi ò ní tàn ọ́, ó le. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1943, ọmọkùnrin wọn ṣì kéré jọjọ, ó sì ń tọ́ ọ bó ṣe ń dájọ́. Àwọn tó ń yìn ín máa ń fo ibẹ̀ yẹn.

Nǹkan bí ogójì ọdún ló lò lórí àga. Òfin ló ní kó lọ sinmi nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, kò wù ú láti lọ. Kò kúkú sinmi: ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ìjọba ní ìwé kíkà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Bá mi kí ìyá rẹ.

Àǹtí rẹ