Ibùdókọ̀ tó ń lé ọjà sá

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni inú ti ń bí mi, ìyàwó mi sì ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ l'Ékòó. Mo ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí i. Mo tètè kúrò nílé, mo ní tí mo bá dé ibùdókọ̀, n ó ra búrẹ́dì àti ọsàn dání. Ta ní ń lọ kí ìyá ọmọ lọ́wọ́ òfo? Mo débẹ̀. Ilé ńlá ni, ilẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo ka ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ọ̀tún. Mẹ́jọ wà ní títì, eruku ti bo àgádágodo wọn. Nínú ẹyọ kan tó ṣí, mítíìpáì àti mínírà ni wọ́n ń tà. Nígbà tí mo bèèrè búrẹ́dì, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Bàbá, a ò ní."

Ìyá kan wà lẹ́yìn géètì tó gbé igbá búrẹ́dì kalẹ̀ sábẹ́ igi. Mo jáde lọ bá a. Kò tíì ka owó mi tán tí ẹ̀ṣọ́ kan fi já lù ú pẹ̀lú kóńdó, ó ní wọn ò fẹ́ rí alátẹ kankan nítòsí. Obìnrin náà gbé igbá rù, ó di eré, ṣéńjì mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. (Ó padà wá nà án sí mi láti ẹ̀yìn wáyà o. Kí Ọlọ́run bù kún un.) Nígbà tí mo dé géètì, wọ́n ní kí n lọ tò padà. Nítorí búrẹ́dì kan ṣoṣo!

Ìbéèrè mi rèé fún àwọn ọ̀gá tó wà nídìí ètò yìí: ta ló sọ fún wọn pé ọ̀tá ni ọjà àti ọkọ̀ ojú irin?

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn mọ̀ pé rélùwéè ló sọ ọjà Gbági di Gbági. Ọdún 1901 ni ojú irin gba Èkó dé Ìbàdàn. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó oníṣòwò wá kọ́lé sí ìtòsí tésàn, UAC, John Holt, CFAO, àwọn ará Lẹ́bánónì náà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, orúkọ wọn ṣì ni títì kan ń jẹ́ níbẹ̀ títí dòní. Kòkó ń lọ sí Èkó, aṣọ àti iyọ̀ ń bọ̀. Ẹ sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ti wà láàárín ọjà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta aṣọ níbẹ̀. Bàbá Gbági la máa ń pè wọ́n. Lórí káúńtà wọn, ìṣó idẹ méjì ni wọ́n kàn mọ́ pákó, àárín wọn jẹ́ ọ̀pá aṣọ kan géérégé. Wọ́n á fa aṣọ láti ìṣó kan dé èkejì, wọ́n á sọ pé, "Ó di kan," wọ́n á tún fà á. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á fi ìbú ọwọ́ kan ṣe èènì kí wọ́n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Wọ́n ń ta àwìn fún àwọn tíṣà títí di òpin oṣù. Ṣọ́ọ̀bù ńlá olókùúta dídán wo ní ń fúnni léènì lónìí? Ta ní ń bini pé ara ìyàwó ńkọ́?

Ọkọ̀ ojú irin wá bẹ̀rẹ̀ sí í dágunlá. Ó wá lónìí, kò wá lọ́la. Kingsway, ṣọ́ọ̀bù ńlá ayé ìgbà yẹn, kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ aláṣọ kó lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Gbági ti di ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù báyìí. Mo yà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá: káúńtà yẹn ṣì ni, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì lé, àwọn ìṣó idẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ náà bi mí pé ṣé mo fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun lóṣù kẹfà ọdún 2021, inú wa dùn. Kìlómítà 157, wákàtí díẹ̀, a ti d'Ékòó! Àmọ́ Mọ́níyà ló dúró sí. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ ṣì máa wọkọ̀ míì kó tó rí Dùgbẹ̀. Wọ́n gbé ojú irin jìnnà sí ọjà, ọjà tó bá sì fẹ́ tẹ̀ lé ojú irin lọ, wọ́n ń fi kóńdó lé e. Wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ti ń rajà báyìí. Irọ́ ni. Ta ní ń ra àkàrà gbígbóná lórí fóònù?

Ohun tí mo rò pé wọ́n lè ṣe rèé. Kí wọ́n ṣí àwọn ilẹ̀kùn títì yẹn, kí wọ́n sì máa gba owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà. Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti ti ajẹ́ńtì, ibo ni oníbúrẹ́dì ti fẹ́ rí i? Ọ̀sẹ̀ tí ọjà kò bá tà, kó kó ìyókù rẹ̀ lọlé, kí ẹlòmíì wọlé. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń lé káàkiri lẹ́yìn wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún. Kí ìyálọ́jà àdúgbò wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń pín in, kó má baà jẹ́ pé ìyàwó àwọn ọ̀gá ni yóò gba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìn àjò náà lè wọlé wá rajà. Kí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ta ohun tí a mọ ìlú rẹ̀ mọ́: l'Ábẹ́òkúta, kí n rí àdìrẹ Ìtòkú rà kí n tó padà sínú ọkọ̀. Ẹ wo àwọn obìnrin Ìkirè. Ìjọba wo ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún wọn? Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń ta dòdò pupa wọn, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti tésàn àtijọ́ ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Kí bọ́ọ̀sì sì máa pàdé ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà.

Mo ń padà lọ s'Ékòó fún ìkómọ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ra búrẹ́dì mẹ́ta sílẹ̀ láti alẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bàbá Ìbejì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.